Òkìkí Kì í Ṣe Òjijì: Èsì fún Àwọn Akẹgbẹ́ Mi lórí Orin "Zazoo Zehh"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ní yàrá àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì SS 2 kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kọ orin "Zazoo Zehh", wọ́n sì ń ta ẹsẹ̀ sí i bí wọ́n ti rí i nínú fídíò. Orin yìí ni Portable, Olamide àti Poco Lee gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ní àkókò tí mo ń wí yìí, kò sí òpópónà tí ènìyàn gbà tí kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, tí òun náà ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, bínú dìde. Ó ní irú orin rádaràda báyìí ni ó ń ba èdè wa jẹ́, pé bí agbára bá wà lọ́wọ́ òun ni, òun ì bá fi òfin dè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ni ní ìṣirò dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹni tí ẹ ń bú yẹn, ọjọ́ kan péré ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọdún mélòó ni àwa ti fi ń pa ẹfun sójú pátákó, ta ni ó mọ̀ wá?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Agogo lù, a túká.

Nígbà tí mo dé kíláàsì ni ó tó yé mi pé àwọn méjèèjì tí ń jà náà kò ta ko ara wọn rárá. Ohun kan náà ni wọ́n gbàgbọ́, pé òkìkí ọkùnrin yìí já bọ́ láti ojú ọ̀run ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí ẹ̀gbọ́n rí i bẹ́ẹ̀, ó kórìíra rẹ̀. Èyí àbúrò rí i bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe ìlara rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín, nítorí pé àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ti gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ti ń fi ṣe ìwà hù.

Ẹ̀rí mi kò jìnnà. Ní ọdún 2023, ọmọkùnrin kan wà ní SS 3 tí ohùn rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òun ni mo máa ń pè kí ó sun rárà fún kíláàsì nígbà tí a bá ń ṣe lítíréṣọ̀ alohùn. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ tí ń ta ẹ̀kọ ni ó san owó náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò rí i mọ́. Ìwé kékeré kan ni ó kọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀: òun ń lọ sí Èkó, òun ń lọ dúró sí ibi tí àwọn ìlú mọ̀ọ́ká ń gbà kọjá, ẹnì kan yóò gbọ́ ohùn òun, yóò sì fi fọ́ọ̀nù rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí Portable. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òun ń wá. Ìyá náà mú ìwé yìí wá fún mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lórin."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tí ó ní orin náà ń ba èdè jẹ́ lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tiwọn kò le. Kí a tó lè sọ pé nǹkan bàjẹ́, ó yẹ kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mélòó nínú wa ni ó jókòó gbọ́ orin náà tán? Portable a máa pe ara rẹ̀ ní "Wèrè Olórin". Ẹ fi ojú gírámà wo àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ yìí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò. "Wèrè" ni orí, "olórin" sì ni ẹ̀yán ajórúkọ tí ó ń yán an. Bí ọkùnrin náà bá ní "olórin wèrè" ni, olórin kan tí orí rẹ̀ dàrú ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé wèrè ni òun, wèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ orin. Ó ti gba èébú tí ayé lè bú u, ó sọ ọ́ di orúkọ àlàjẹ́ kí ayé tó dé ibẹ̀. Ta ni yóò sọ fún mi pé èyí kì í ṣe ọgbọ́n àwọn akéwì wa? Àwọn oníjàálá a máa fọ́nnu nípa ara wọn bákan náà nígbà tí wọ́n bá pàdé lóde. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá tí ó jáde ní 1984, ka oríkì mọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó dúró gbọn-in nínú ewì náà. Orúkọ tí ẹni kan fi ń pe ara rẹ̀, tí ó ń sọ ìwà àti ìṣe rẹ̀, kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "Zazoo Zehh" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Akẹgbẹ́ mi kan bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó ti dẹ pàkúté. Mo ní kí òun náà sọ ìtumọ̀ "wọ̀rọ̀kọ̀" fún mi láìlo ọwọ́. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ṣíwájú ìtumọ̀ wọn, ọmọdé a sì máa dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú eré òṣùpá.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú orin náà ni ó yẹ kí a kà ní kíláàsì. Ibì kan wà níbẹ̀ tí n kò ní jẹ́ kí ọmọ mi kọ níwájú mi. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ orin ọdún Òkèbàdàn, tí a mọ ohun tí ọlọ́jọ́ ọdún ń wí ní ìgboro láìsí ẹni tí yóò mú un, kí ni a ń fi orí bora fún? Ẹjọ́ tí ó tọ́ sí àwọn olórin ìgbàlódé, tí èmi náà yóò bá wọn rò, ni ti àmì ohùn. Nígbà tí 9ice gbé àwo "Gongo Aso" jáde ní 2008, báyìí gan-an ni wọ́n kọ orúkọ náà sára àwo, láìsí àmì kankan. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ orin náà rí lè rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ wíwọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe "sọ" ni ó wà níbẹ̀. Irú àṣìṣe báyìí ni ó yẹ kí á bínú sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ orúkọ sára àwo ní àmì ohùn, bí kò ṣe àwa?

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni ti òjijì.

Mo mẹ́nu kan 9ice, n kò sì ṣèèṣì mẹ́nu kàn án. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ orin "Gongo Aso", tí ó to ìlù rẹ̀, ni ID Cabasa. Orin náà mú kí 9ice gba ẹ̀bùn olórin tàkasúfèé tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, èyí tí MTV fún un ní Àbújá ní ọdún 2008 náà, àwọn tí ó ti rò pé kò sí ẹni tí yóò ra orin Yorùbá tí ó kún fún òwe sì gbé ẹnu wọn pa dé. Ní 2009, Dágrin gbé "C.E.O." jáde, ó fi hàn pé Yorùbá ìgboro lè ru ẹrù tàkasúfèé láìṣubú, ikú mú un lọ ní oṣù Kẹrin 2010, kò sì jẹ ayé tó. Ní ọdún tí ó kú yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ orin "Eni Duro" lẹ́nu ọ̀dọ́mọdé kan láti Bàríga. Olamide ni. Ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀? ID Cabasa yìí kan náà. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, "Rapsodi", jáde ní 2011. Ní 2012 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, YBNL, sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn mìíràn lọ́wọ́ sókè.

Olamide yìí ni ó wá bá Portable kọrin ní 2021. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti 2008 dé 2021, ọdún 13 ni. Láàárín ọdún 13 yìí ni ẹnì kan la ọ̀nà, tí ẹnì kejì tẹ̀ ẹ́, tí ẹnì kẹta fẹ̀ ẹ́, tí etí àwọn ènìyàn fi mọ́ Yorùbá ìgboro lórí ìlù tuntun, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Wèrè Olórin ya ẹnu, ayé ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ irú rẹ̀. Poco Lee náà kì í ṣe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ijó ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti di ìlú mọ̀ọ́ká kí orin yìí tó dé. Portable pàápàá ti ń kọrin ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá rí ọmọ Àyàn kan tí kò ju ọdún méjìlá lọ tí ó ń fi dùndún kì ènìyàn lóde ìyàwó, ǹjẹ́ a jẹ́ sọ pé òjijì ni? A ó béèrè baba rẹ̀. Èé ṣe tí a kò béèrè baba orin yìí?

Ohun kan sì wà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Orúkọ tí òbí sọ Portable ni Habeeb Òkìkíọlá. Kí ó tó mọ orin, wọ́n ti sọ ọ́ ní òkìkí. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ náà kò so òkìkí mọ́ òjijì. Ọlá ni wọ́n so ó mọ́, àwa Yorùbá sì mọ̀ pé ọlá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá pàdé ní ìkòríta.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé àtijọ́ ni mo ń sọ, pé ayé ti yípadà. Ẹ jẹ́ kí a wo ayé àtijọ́ náà. Haruna Ishọla, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948, ó fi kì Ọba Adébóyè, Orímọlúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Olórin àpàlà náà kò jókòó sílé kí ó máa retí ẹni tí yóò kọjá. Ó ń ti òde kan bọ́ sí òde kejì, ó ń kọrin fún àwọn olówó níbi ìnáwó, títí tí orúkọ rẹ̀ fi ń rìn ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, tí ọba náà ti wàjà, ó tún orin náà ṣe. Ìgbà náà ni ó wá tàn ká. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè: orin ọba yìí jẹ́rìí sí òwe náà. Àwọn tí ó ra àwo kejì lè rò pé olórin tuntun kan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin má baà máa ṣe ẹrú ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Èyí ju ọdún 20 lọ lẹ́yìn àwo tí kò tà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Gbogbo àwọn ọmọ wa ni ó mọ "Gangnam Style" tí Psy, ará Kòríà, kọ ní 2012, tí ó fi ń jó bí ẹni tí ó gun ẹṣin, tí ó sì fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn tí ń díbọ́n bí olówó àdúgbò Gangnam ní ìlú Seoul. Fídíò náà ni ó kọ́kọ́ dé orí wíwò bílíọ̀nù 1 lórí YouTube, ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Gbogbo ayé ní òjijì ni. Àwo àkọ́kọ́ ọkùnrin náà ti jáde láti 2001. Ọdún 11 ni ó ti fi ń pa àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́rìn-ín kí àwọn ará òde tó gbọ́. Èdè Kòríà ni ó sì fi kọ ọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ fún ọmọ pé Yorùbá kò lè kọjá Ọ̀yẹ̀ rántí èyí.

Kí ni fídíò wá ń ṣe? Eré ni. Ó ń kó ọ̀pọ̀ ọdún jọ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó mú ẹ̀rín, ijó àti ìgboro, ó fi ìyà sílẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ títa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláàrìnjó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. N kò bá eré jà. Ẹni tí ó bá rí ọba lórí ìtàgé tí ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé ni ó ṣi nǹkan gbà, kì í ṣe òṣèré. Ẹ̀bi mi wà lórí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wo eré.

Àwa gan-an ni a ń kọ́ wọn ní òjijì. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Báwo ni a ṣe ń kọ́ni ní oríkì? A ó kọ ọ́ sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó ní kí wọ́n dà á kọ, a ó ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí nítorí pé ó lè jáde nínú ìdánwò. A kì í sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pe gbólóhùn náà, àti ogun tàbí ìyàn tí ó bí i. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, yóò rí i pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sóde, a máa fetí sí i, a máa fara wé e, ó sì ń pẹ́ kí ó tó dá dúró. Kíláàsì wo ni ó ń gbọ́ èyí? Ewì tí ó ti jinná tán ni a ń bù fún wọn. Ìdáná kò sí, igi kò sí, èéfín kò sí. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí, tí ó wá rí fídíò kan, èé ṣe tí kò fi ní rò pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń rí?

A tún ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò. A máa ń túmọ̀ "gbajúmọ̀" fún wọn bí ẹni pé ó jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Igba ojú ni ó mọ̀ ọ́n: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe tú u. Ojú tí ó mọ ènìyàn ti rí i jí, ó ti rí i sùn, ó mọ ìgbà tí ó san gbèsè àti ìgbà tí kò san. Igba péré ni wọ́n béèrè. Wọn kò béèrè bílíọ̀nù. Ẹni tí wíwò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kọjá iye tí ẹnu lè kà lè máà ní igba ojú tí ó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí òkìkí bá sì sáré ju mímọ̀ lọ, a mọ ohun tí í máa ṣẹlẹ̀: bí ìlù bá dún ládùnjù, yíya ní í ya. Ní 2022, wọ́n dárúkọ Portable fún ẹ̀bùn Headies. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú fídíò kan ni ó mú kí àwọn elétò náà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀rẹ́ wa olùkọ́ ìṣirò kò mẹ́nu kan ìyẹn mọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́.

Láti ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn ti lọ ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ni padà díẹ̀. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin kan tí ó fẹ́ràn wá, kí ó sì wá ìran rẹ̀: ta ni ó lu ìlù rẹ̀, ta ni ó kọ́ ẹni náà, orin wo ni ó ti wà ṣáájú rẹ̀, ní ọdún wo. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣe bákan náà fún oríkì orílẹ̀ kan. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò, àwọn òbí kan sì ti wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní SS 1 na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ọdún mélòó ni ẹ̀yin fi kọ́ rárà?" N kò rí èsì fún un. Inú ìwé ni mo ti kọ́ rárà. N kò tẹ̀ lé asunrárà kankan rí, àní fún ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n sun.

Nọ́ńbà ìdánwò ọmọkùnrin tí ó lọ sí Èkó ṣì wà nínú dúróò tábìlì mi. Ìyá rẹ̀ tún wá ní oṣù tí ó kọjá. Ó ní ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún àwọn olóde, pé òun ni ó ń bá a gbé ẹ̀rọ, tí ó ń bá a so wáyà, pé wọ́n ti ń jẹ́ kí ó fi ohùn dán ẹ̀rọ wò kí àwọn olórin tó dé. Ó bi mí bóyá ó ṣì lè jókòó ṣe ìdánwò náà. Mo ní ó lè ṣe é, mo sì kọ iye owó rẹ̀ sí bébà fún un. Mo tún ní kí ó bá mi béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá ọ̀gá rẹ̀ yóò gbà kí n wá wo iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé kan.